Ẹsẹ̀ Tanímọ̀la

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́ ti mú Kánò, ètè gbogbo wa ti ń bó.

Láti Ọjọ́rú ni ajá wa, Tanímọ̀la, ti ń lá ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti iwájú. Bí mẹ́gáàdì bá ṣí géètì, á kàn gbé orí sókè, á tún dá a padà sórí ẹsẹ̀ náà. Koríko tí mo gbìn sẹ́bàá ilẹ̀kùn ni gbogbo ilé kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́tì títì, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó, ni mo ti rà á; ewé rẹ̀ pọ́n bí osùn, orí rẹ̀ sì tẹ̀ ba bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Fountain grass ni wọ́n ń pè é. Àràárọ̀ ni Tanímọ̀la máa ń já ewé rẹ̀ jẹ. Ọkọ mi ní, "Mo ti sọ fún ọ kí o hú u. Májèlé ni." Mo ti mú ọkọ́ lọ́wọ́ kí n tó rò ó wò: ẹni tó jẹ májèlé, ṣebí inú ni yóò máa run ún. Ajá yìí ń jẹun, kò bì, kò ṣu gbuuru.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan, mo tan iná fóònù. Láàárín ìka méjì, irun ti lẹ̀ pọ̀, awọ ibẹ̀ wú, ihò kékeré kan sì ń sun omi. Mo fọwọ́ kàn án. Ó fa ẹsẹ̀ gbà, ó wò mí lójú. Mi ò tọ́ ọ mọ́.

Dókítà ẹran ló yọ ọ́. Ó gún un lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú, ó ti ẹmú wọlé, ó fa eèmọ́ kan ṣoṣo jáde, kò tó ẹyọ ẹ̀wà. Ó gbé e lé òwú kí n rí i dáadáa. Ẹ̀gún rẹ̀ ní ìwọ̀ tíntìntín tó kọjú sẹ́yìn. Bí ajá bá ti ń rìn, iwájú ló ń lọ, kò ní padà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè máa rìn lábẹ́ awọ, kó sì máa kó ọyún jọ. Bó bá wọ etí, ajá á máa gbọn orí; bó bá wọ imú, á máa sín léraléra.

Mallam tó ń ṣọ́ géètì wò ó, ó ní, "Karangiya ce, Màmá." Orúkọ tí àwọn Hausa ń pe eèmọ́ nìyẹn. Ó nawọ́ sí ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn ògiri, níbi tí Tanímọ̀la ti máa ń sáré. Ó ní nígbà ìyàn, àwọn àgbà ìlú òun máa ń gún hóró inú rẹ̀ jẹ. Mo padà wá kà á pé mọ̀lẹ́bí ni karangiya àti koríko mi: Cenchrus ni àwọn onímọ̀ ń pe méjèèjì báyìí, pẹ̀lú eèsún àti jéró tí wọ́n fi ń ṣe fúrá.

Koríko mi kò ní májèlé, kò níbi í lọ. Orí rẹ̀ tó ti gbẹ nìkan ni mo gé, kí irun rẹ̀ má baà ta ajá lójú. Koríko ọba tí mo fi ń se tíì ni mo gbé sókè, torí ó máa ń da inú ajá rú.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà ẹran ló bi mí bóyá mo ní sago palm nílé. Ìkòkò méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, èyí tó rí bí ọ̀pẹ arará tí gbogbo ènìyàn ń gbìn. Ewé rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀, èso rẹ̀, kò sí èyí tí kì í pa ajá níbẹ̀, èso ló sì burú jù. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bomi rin ín. Ara mi gbọ̀n.

Ọkọ mi àti Mallam hú méjèèjì kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì ṣa gbogbo ewé tó já sílẹ̀. Tanímọ̀la sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi báyìí, báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́la, kó tó jẹun, màá ya ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan wò.