Ẹ má fi súìtì tọ́ Magikarp

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé dé lónìí o, kì í ṣe ẹja tí wọ́n ń yan ní Sábó, Magikarp ni, ẹja pupa inú géèmù Pokémon tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju kó máa fò sókè fò sílẹ̀ lójú kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ti gbá FireRed rí, ọ̀kan nínú àwọn géèmù Pokémon, ẹ ó mọ ọkùnrin tó ń tà á, inú Pokémon Center, ilé ìwòsàn àwọn Pokémon, tó wà ní Route 4 lẹ́bàá Mt. Moon ló wà, á rọra pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ní Pokémon àṣírí kan lọ́wọ́, 500 péré ni torí pé ẹ̀yin ni. Ẹ ó sanwó tán, ẹ ó rí i pé ẹja lásán ni. Tẹ́ ẹ bá padà lọ bá a, á ní òun kì í dá owó padà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn jàre, mo mọ irú ẹ̀ mélòó kan ní Ifẹ̀ níbí.

Púpọ̀ nínú wa máa ń gbé ẹja yẹn jù sínú PC, kọ̀ǹpútà inú géèmù tí à ń kó Pokémon tá ò lò pamọ́ sí, ó parí. Ìkọlù Splash nìkan ló mọ̀, Splash ọ̀hún ò sì pa ẹnikẹ́ni lára, géèmù fúnra ẹ̀ á kọ ọ́ sójú fóònù pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó di lẹ́fẹ̀lì 15 kó tó mọ Tackle. Àmọ́ tó bá dé 20, ó para dà di Gyarados, ejò omi gàgàrà tó ń bínú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo agbára Magikarp pọ̀, HP ẹ̀, Attack ẹ̀, Speed ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, 200 ni. Ti Gyarados jẹ́ 540. Àwọn ará Ṣáínà ní ìtàn àtijọ́ kan pé ẹja carp tó bá lè fò gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá lórí omi tó ń ya bọ̀ láti òkè á di drágónì, ibẹ̀ ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ Magikarp ti ṣẹ̀.

Lẹ́fẹ̀lì 20 yẹn wá jìnnà o, ó jìnnà ju bí nọ́ńbà ẹ̀ ṣe ń dún lẹ́nu lọ. Kì í ṣe iye kan náà ni gbogbo Pokémon ń gbà kí wọ́n tó dàgbà. Charmander nílò póíǹtì ìrírí 5,460 kó tó dé lẹ́fẹ̀lì 20, Magikarp nílò 10,000. Ṣé ẹ rí i, ẹni tí ò lè jà ni wọ́n tún di ẹrù tó pọ̀ jù lé lórí, àwọn tó ṣe géèmù yìí ò ṣàánú ẹ̀ rárá.

Bí mo ṣe tọ́ tèmi nìyí. Mo máa ń fi Magikarp síwájú gbogbo wọn, tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀ màá pè é wọlé lójú ẹsẹ̀, màá rán Charmeleon, ìyẹn Charmander mi tó ti dàgbà, jáde dípò ẹ̀, Charmeleon á kọ́kọ́ jẹ ìyà díẹ̀ torí pé ààyè tó yẹ kí n fi lu ọ̀tá ni mo fi pààrọ̀ wọn, lẹ́yìn náà á wá parí iṣẹ́. Wọ́n á wá pín póíǹtì sí méjì, ìdajì fún ẹni tó jà, ìdajì fún ẹja tó kàn yọjú lásán. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa ṣọ́, kó má dákú, torí tó bá ti dákú kò ní rí nǹkan kan gbà. Ibi tó dáa jù lójú tèmi ni afárá tó wà lókè ìlú Cerulean, ní Route 24, àwọn trainer, ìyẹn àwọn tó ń kó Pokémon jà, tò síbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀, ẹ bá ọ̀kan jà tán èkejì ti ń dúró, Pokémon ọwọ́ wọn ò sì le.

Ìgbà tí kò bá sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń ṣe é. Fọ́tókọ́pì àti tẹ̀wé-tẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Lágere, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀ ẹ mọ̀ pé tí àwọn ọmọ yunifásítì bá ti wọ ìsinmi, èèyàn lè jókòó títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí iná bá wá lọ, tí mi ò fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ torí ojú ewé kan, kí ni ǹ bá tún máa ṣe? Inú mọ́tò tó ń lọ sí Iléṣà náà dáa fún un, àmọ́ láàárín Ifẹ̀ sí Òṣú ni kẹ́ ẹ ti gbá tiyín tán, torí èrò tó bá wọlé ní Òṣú máa ń jókòó lé èèyàn lórí ni.

Bí mo ṣe ń rọra tọ́ ẹja mi bọ̀ nìyẹn tí ọmọ àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Mọ̀ọ̀rè fi gbé fóònù tiẹ̀ dé. Ọmọ JSS ni.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó, Gyarados mi ti dé lẹ́fẹ̀lì 50."

Mo ní ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ géèmù yìí?

"Lánàá ni, mà."

Àná kẹ̀! Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò, àṣé kóòdù cheat ló fi sí i, Rare Candy kún inú báàgì ẹ̀ tẹ́múfẹ́mú. Ẹ mọ Rare Candy, súìtì tó jẹ́ pé ọ̀kan tí Pokémon bá jẹ, lẹ́fẹ̀lì kan ló gùn. Ó kàn ń fún ẹja ní súìtì lọ ni láti 5 títí dé 50, ẹja yẹn ò tíì lu Pidgey kan ṣoṣo rí láyé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀ torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà méjì wà tí FireRed ò fi hàn yín níbì kankan. Ìkan ni IV, ìyẹn ti àbímọ́, 0 sí 31 fún agbára kọ̀ọ̀kan, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Èkejì ni EV, ìyẹn ni ti ẹni tó bá jà. Gbogbo Pokémon tẹ́ ẹ bá ṣẹ́gun ló máa fi nǹkan sílẹ̀ fún tiyín: Zubat á fi Speed kan sílẹ̀, Rattata náà Speed, Geodude Defense, Mankey àti Machop Attack. Ó ń kóra jọ lábẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, agbára kan ò lè gbà ju 255 lọ, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò lè kọjá 510. Ní lẹ́fẹ̀lì 100, mẹ́rin nínú ẹ̀ ló ń di póíǹtì agbára kan, ní lẹ́fẹ̀lì 50 ó tó mẹ́jọ. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ tí EV Attack bá kún, Gyarados lẹ́fẹ̀lì 50 máa fi nǹkan bíi 31 ju èyí tí kò ní rárá lọ. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé wọn kì í pín EV bí wọ́n ṣe ń pín póíǹtì ìrírí. Ẹja tó yọjú lásán tó padà wọlé, gbogbo EV ẹ̀ ló gbà pé, wọn ò yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé kò kọ́ nǹkan kan, ó ń kọ́ ọ.

Súìtì kì í fúnni ní EV. Òfo ni.

Mi ò kọ́kọ́ sọ gbogbo eléyìí fún ọmọ yẹn o. Mo ní kó lọ sinmi, kó padà wá tí tèmi náà bá pé 50. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí, gbogbo ìgbà tó bá gba ìwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá á ní "Àǹtí, ẹja ńkọ́?" Nígbà tó pé, a so fóònù méjèèjì pọ̀, Gyarados dojú kọ Gyarados, lẹ́fẹ̀lì kan náà, gbogbo wa sì ní ìkọlù Strength. Ìwà Pokémon tiẹ̀ gan-an ló dáa jù, Adamant ni, ìyẹn máa ń fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún Attack, tèmi Hardy ni, tí kò fi kún tí kò yọ. Intimidate, ìyẹn bí Gyarados ṣe máa ń dẹ́rù ba ọ̀tá tó bá ti wọlé, gba ọwọ́ méjèèjì, Attack àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀. Tèmi ló kọ́kọ́ lù. Ó tún kọ́kọ́ lù. Ọmọ yẹn ń wo ojú fóònù, ó ní kí ló dé tó jẹ́ tiyín ló ń ṣáájú, ṣebí ẹja kan náà ni? Mo ní Zubat ni, gbogbo Zubat inú Mt. Moon tó o sá fún ni. Nígbà tí tiẹ̀ dákú, ó kù díẹ̀ kí tèmi náà lọ, ẹ má rò pé mo fi gbá ilẹ̀ o, àmọ́ ó ṣubú kí tèmi tó ṣubú.

Ìyá mi tó ń ta adìẹ dá sí i láti ìta, wọ́n ní ọ̀rọ̀ adìẹ àgíríìkì àti adìẹ ìbílẹ̀ lẹ̀ ń sọ yẹn, méjèèjì lè wọ̀n bákan náà lórí ìwọ̀n, tó bá dénú ìkòkò lẹ ó mọ̀. Mi ò tún rí nǹkan fi kún un.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́, ìjà kan ò tó fi ṣẹ̀rí, ó lè jẹ́ pé IV tèmi dáa ju tiẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Súìtì fúnra ẹ̀ náà ò ní ẹ̀bi kankan, inú géèmù ló wà, wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ káàkiri fún wa. Pokémon tó jẹ súìtì ṣì lè lọ jà lẹ́yìn náà kó sì gba EV tiẹ̀. Èyí tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni kó jẹ ẹ́ láti 5 dé 50 kẹ́ ẹ wá gbé e jáde pé ó ti tó tán. Ẹni tó bá lówó pàápàá ní ọ̀nà míì, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Celadon ń ta oògùn agbára bíi Protein, Carbos àtàwọn tó kù ní 9,800, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fún Pokémon ní EV mẹ́wàá títí agbára yẹn á fi dé 100, ibẹ̀ ló ti máa dúró, ìyókù di ìjà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti borí Giovanni, ọ̀gá gym tó wà ní Viridian, ẹ yẹ ibi tó dúró sí wò dáadáa, Macho Brace wà níbẹ̀, á máa sọ EV di ìlọ́po méjì.

Àwọn kan á sọ pé Gyarados ò lágbára, pé àwọn lò ó, ìkọlù omi ẹ̀ tó ń jẹ́ Surf ò dun ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nínú FireRed. Lásìkò yẹn, gbogbo ìkọlù omi ló ń lo Special Attack, agbára míì tó yàtọ̀ sí Attack, 60 péré sì ni ti Gyarados, Attack ẹ̀ ló jẹ́ 125. Bite náà, Special Attack ni. Ìgbà tí géèmù Pokémon Diamond àti Pearl jáde ní 2006 ni wọ́n tó tún un ṣe, ìkọlù omi tó ń jẹ́ Waterfall wá ń lo Attack, Gyarados di òun tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Nínú FireRed, ẹ kọ́ ọ ní Strength tàbí Return, tẹ́ ẹ bá ti gba Earthquake lọ́wọ́ Giovanni ẹ fún un.

Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Lt. Surge, ọ̀gá gym tó ń lo Pokémon oníná mànàmáná, ní Vermilion! Omi àti ìyẹ́ ni Gyarados, iná mànàmáná sì ń pa méjèèjì lára, ìlọ́po mẹ́rin ló ń jẹ́ lára ẹ̀. Raichu Surge á lù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa wá ibi tí Pokémon Center wà. Diglett lẹ máa mú lọ, ihò wọn wà nítòsí ìlú yẹn náà, iná ò ràn wọ́n rárá.

Ọmọbìnrin aládùúgbò mi kan wà, kò tíì ju ọmọ pírámárì lọ, gbogbo ìgbà tí Magikarp ẹ̀ bá fẹ́ para dà ló máa tẹ bọ́tìnnì B kó má bàa para dà. Ó ní Gyarados burẹ́wà. Ẹja ẹ̀ ti kọjá 30, ó ti mọ ìkọlù Flail, inú àwọn méjèèjì ń dùn. Mi ò bá a jiyàn.

Ọmọ Mọ̀ọ̀rè ti bẹ̀rẹ̀ ẹja míì báyìí, láìsí kóòdù. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé kí n lè bá a gba Haunter kó di Gengar, torí Haunter kì í para dà àfi kí èèyàn méjì fi ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, Satoshi Tajiri tó dá géèmù yìí sílẹ̀ máa ń kó kòkòrò jọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì fẹ́ káwọn ọmọ máa bára wọn ṣe pàṣípààrọ̀, látìgbà tí àkọ́kọ́ ti jáde ní Japan ní 1996 ló ti rí bẹ́ẹ̀. A ṣe é tán, mo dá Gengar ẹ̀ padà fún un, ó wá rọra bi mí.

"Àǹtí mi, ẹni tó ń bá wa tọ́jú Pokémon ní Route 5 yẹn ńkọ́, mà? Tí mo bá gbé ẹja mi sọ́dọ̀ ẹ̀, tí mo kàn ń rìn kiri?"

Mo ní á dàgbà o, ìṣísẹ̀ kan póíǹtì ìrírí kan, wà á san 100 lórí lẹ́fẹ̀lì kọ̀ọ̀kan àti 100 míì lé e. Àmọ́ kò ní para dà níbẹ̀, kò sì ní gba EV kankan.

Ó wò mí títí. "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ ti le jù." Ó gbé fóònù ẹ̀, ó lọ wá Zubat.