Ohun tí Galtieri rò pé òun rí ní Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí ìjọba ológun Ajẹntínà kó ọmọ ogun wọ erékùṣù Falklands, tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣùgbọ́n tí Ajẹntínà ń sọ pé tirẹ̀ ni, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1982, ọ̀gágun Leopoldo Galtieri, olórí ìjọba náà, kò gbà pé ogun ni òun ń dá sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yóò pariwo, yóò sì wá jókòó sídìí ìjíròrò nígbẹ̀yìn. Àwọn kan máa ń sọ pé ìwà wèrè lásán ni. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ó ní ohun tí ó rí.

Ní ọdún 1981, nítorí àtidín ìnáwó ológun kù, ìjọba Margaret Thatcher ní Gẹ̀ẹ́sì kéde pé wọn yóò yọ Endurance, ọkọ̀ ogun tí ó ń ṣọ́ agbègbè náà, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà kò sì ka ọ̀pọ̀ lára àwọn ará erékùṣù, tí gbogbo wọn kò ju nǹkan bí 1,800 lọ, sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíkún. Owó ni Lọ́ńdọ̀nù ń ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i tí aládùúgbò rẹ̀ ń tú ọgbà oko ká yóò rò pé ó ti fi oko náà sílẹ̀ ni. Galtieri tún gbọ́kàn lé Amẹ́ríkà, tí ó ti ń bá ṣiṣẹ́ ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìpè Ààrẹ Reagan fúnra rẹ̀ lóru tí ó ṣáájú ìkọlù náà kò dá a dúró.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣì í. Wọ́n gbà pé díẹ̀díẹ̀ ni Ajẹntínà yóò máa fúngun mọ́ wọn, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ìṣòro abẹ́lé tí ó ń lé Galtieri sáré sí: ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti tú jáde ní Buenos Aires ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Nígbà tí ogun parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, ọmọ ogun Ajẹntínà 649, ti Gẹ̀ẹ́sì 255 àti ará erékùṣù mẹ́ta ni ó ti kú.

Ti ọdún 1977 ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ìjọba Callaghan, tí ó ṣáájú ti Thatcher ní Gẹ̀ẹ́sì, rán ọkọ̀ abẹ́ omi kan lọ sí agbègbè náà láti dẹ́rù ba Ajẹntínà bí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀ ni, nítorí náà kò sí ẹ̀kọ́ tí Buenos Aires lè rí kọ́ nínú rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1982 ni Thatcher tó pàṣẹ pé kí tirẹ̀ máa lọ. Àwọn ọkọ̀ ogun Ajẹntínà ti kúrò ní èbúté lọ́jọ́ kan ṣáájú.