Rìsẹ́ptọ̀ tó nírù, rìsẹ́ptọ̀ tí kò nírù

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá, mo dúró ti àbúrò mi ní Ìkòròdú, níbi tó ti ń pa ẹyin ẹja àrọ̀. Ó fi aṣọ tútù bo ojú abo ẹja kan, ó fa Ovaprim, oògùn tó ń mú ẹja yé ẹyin, sínú abẹ́rẹ́, ìdajì mìlílítà fún kílò kan, ó sì gún un sí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tó ń gba iṣẹ́ tí oògùn yìí ń jẹ́ wà lára èèyàn náà?" Mo ní ó wà, àmọ́ tiwa kò nírù. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Họ́mónù àtọwọ́dá tó jọ GnRH, họ́mónù tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ ìbímọ, ló wà nínú Ovaprim. Rìsẹ́ptọ̀ tó ń gbà á, ìyẹn purotéènì tó ń gba iṣẹ́ tí họ́mónù ń jẹ́, wà lójú awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú kókó pituitary, lábẹ́ ọpọlọ. Ti ẹja àrọ̀ ní ìrù tó sọ̀ kalẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ti èèyàn, tí amino acid rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé tí a fi to purotéènì, jẹ́ 328, parí síbi tí ìrù ìbá ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹbí rìsẹ́ptọ̀ yìí, ara ìrù ni ọ̀rá sábà máa ń rọ̀ mọ́. Lára rhodopsin tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú màlúù, cysteine, oríṣi amino acid kan, ní ipò 322 àti 323 ló mú un dání. Palmitic acid ni ọ̀rá náà, tó gba orúkọ lára ọ̀pẹ, tó sì jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ọ̀rá inú epo pupa tí a fi ń dín àkàrà. Ó ń ki ara bọ inú awọ sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń fa ìrù mọ́ ọn bí èèkàn ṣe ń mú okùn ewúrẹ́. Ohun tó wù mí jù ni pé èèkàn yìí ṣeé fà tu: ẹ́ńsáìmù kan ń kàn án, òmíràn ń tú u. Rìsẹ́ptọ̀ GnRH wa kò ní ìrù tí a lè kàn án mọ́, ó sì máa ń pẹ́ ju àwọn tó nírù lọ kí sẹ́ẹ̀lì tó fà á wọlé. N kò sọ pé àìsí ọ̀rá nìkan ló fà á, torí ìrù náà ní iṣẹ́ mìíràn.

Ìyàtọ̀ tó jù ú lọ wà láàárín àwa àti Trypanosoma brucei, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tó ń fa àìsàn oorun. Irin inú transferrin, purotéènì tó ń gbé irin kiri nínú ẹ̀jẹ̀, la jọ ń wá. Rìsẹ́ptọ̀ tiwa jẹ́ ẹyọ méjì tó bára mu, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, palmitic acid sì tún rọ̀ mọ́ cysteine 62 rẹ̀. Ti kòkòrò náà kò jọ ọ́ rárá: ẹyọ méjì tí kò bára mu, ESAG6 àti ESAG7, ló so pọ̀, kò sí èyí tó gba inú awọ kọjá, ESAG6 nìkan ló ní ìdákọ̀ró GPI, tí ṣúgà àti ọ̀rá para pọ̀ di, òun ló sì mú àwọn méjèèjì dúró bí ọkọ̀ tí a so sétí ọ̀sà. Àwọn ìwé tó ń ya àwòrán rìsẹ́ptọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀dá máa ń bí mi nínú.

Eku tí a fi ń dán oògùn wò pàápàá kò bá wa dọ́gba. Lára neutrophil, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, èèyàn ní CD16b, rìsẹ́ptọ̀ tó ń di antibody (purotéènì tí ara fi ń gbógun ti àrùn) mú, tí ìdákọ̀ró GPI mú dání, nígbà tí ìbejì rẹ̀, CD16a, gba inú awọ kọjá. Amino acid kan ṣoṣo ní ipò 203 ló pààlà: serine fún ti ìdákọ̀ró, phenylalanine fún èkejì. Eku kò ní CD16b rárá, torí náà ni àwọn olùwádìí kan ṣe ń sin eku tí wọ́n ti fi jíìnì rìsẹ́ptọ̀ èèyàn sí lára.