Gbèsè Ló Ń San

Ọyẹ́ mú, iná ò sí, mo lọ lọ ata ní Ìjẹ́rù, mo padà wálé. Ti òní nìyẹn. Èyí tó kù, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò sì jẹ́ kí n gbádùn àtìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. "Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀ ọ̀hún. Gbèsè ló ń san."

Bàbá Ṣọ́jà ló ń bú. Ẹ mọ̀ wọ́n, ṣọ́jà àtijọ́ tí wọ́n ń po àgbàdo mọ́ sóyà fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa. Obìnrin tó sọ ọ́ ò tilẹ̀ fi "wọ́n" sí i.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ló tún wá bọ́ sí, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, tí wọ́n máa ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ nítorí àwọn tó bógun lọ. Orí àpótí ni Bàbá ti ṣe tiwọn, wọ́n ń ṣa òkúta nínú sóyà.

Gbèsè wo? Ta ni wọ́n jẹ?

Abẹ́ Benjamin Adékúnlé, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Àkéekèe Dúdú, ni wọ́n ti jagun. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí ni bàbá ọ̀gá náà. Wọ́n gba Bonny ní oṣù keje 1967, Calabar ní oṣù kẹwàá, Port Harcourt ní oṣù karùn-ún 1968. Ẹ bi Bàbá nípa ìbọn, wọ́n á ní ó wúwo. Ó tán. Ẹ wá bi wọ́n nípa ọ̀pá. Àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, tó wá tọ́jú ọmọ nígbà ogun yẹn ló ń lò ó: wọ́n á na ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, wọ́n á wo ibi tí orí rẹ̀ dé, ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ ìwọ̀n àyíká apá tó yẹ ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀ sí. Apá rẹ̀ ò bá tó o, ebi ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sí òṣùwọ̀n, kò sí pé à ń béèrè ọjọ́ orí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú sọ́nà, ta la fẹ́ bi?

Tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n ń wé mọ́ apá ọmọ ló dé báyìí. Apá òsì, àárín èjìká sí ìgbọ̀nwọ́, fún ọmọ oṣù 6 títí di ẹni tí kò tíì pé ọdún 5. Kò gbọdọ̀ fún apá, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa nìyẹn, ebi ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Láti ibẹ̀ dé 12.5, yẹ́lò. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í gba tẹ́ẹ̀pù gbọ́ tán. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì, wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò padà, ebi ló wú ọmọ náà, kíá ni wọ́n á dìde. Ìyá ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín pé ó kúkú sanra!

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Bàbá kì í fún un ní nǹkan kan. Ilé ìwòsàn ni. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń bú wọn pé olójú-àánú wo ló ń rí ọmọ tí ebi ń pa tó ń lé e? Ara tí ebi ti jẹ dé ibẹ̀ ò lè gbé oúnjẹ ńlá, ó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Nílé ìwòsàn, mílíìkì díẹ̀díẹ̀ ni, ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Bóyá wọ́n ti rí ẹni tó fi àánú bọ́ ọmọ kú rí. N kò bi wọ́n. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé gbèsè náà nìyẹn… Mo ti ń gbè sẹ́yìn obìnrin yẹn báyìí, àbí?

Ká padà sórí sóyà. Kóńgò àgbàdo méje, sóyà mẹ́ta. Àgbàdo á wà nínú omi fún ọjọ́ méjì, wọ́n á máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Wọ́n á se sóyà lọ́tọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30, wọ́n á bó èèpo rẹ̀. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ láìsè, inú ọmọ ni yóò sọ: ohun kan wà lára sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà. Asẹ́ tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá fi aṣọ tó dí jọ̀ ọ́ bí ògì lásán, sóyà á bá èèrí lọ, ewúrẹ́ ni yóò yó. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń sá méjèèjì gbẹ, tí wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná láìjọ̀ ọ́. Kò bá gbẹ dénú, ó di dandan kó bu. Tí wọ́n bá fẹ́ rò ó, kó ki, kí ṣíbí òróró kan bọ́ sí i. Ikùn ọmọ ọdún kan kéré, omi ló fẹ́ fi kún un? Kì í ṣe lásán làwọn baba wa ń jẹka níbí kí wọ́n tó mukọ yangan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò fẹ́ sọ. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ yẹn ló ni ẹ̀rọ. Òun ló ń lọ sóyà Bàbá láti ọjọ́ yìí, kò gba kọ́bọ̀. Èmi tí inú ń bí, n kò tíì ṣa òkúta kan rí níbẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé ó mọ gbèsè tó ń sọ. Ó lè jẹ́ tirẹ̀.

Ìbínú ni mo fi kúrò níbẹ̀. Ata mi ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀.