Ìbuwọ́lù Kan, Ìrìn Mẹ́rin

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gba orí afárá Third Mainland láti Yábàá lọ sí erékùṣù Èkó nítorí ìbuwọ́lù kan ṣoṣo. Àjọ ìjọba kan ló gbé iṣẹ́ fún mi pé kí n kó tábìlì àti àga wá sí ọ́fíìsì wọn. A ti dúnàá-dúrà parí, a sì ti jọ yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé àdéhùn náà wò lórí ímeèlì. Ó ku kí ọ̀gá wọn buwọ́ lù ú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ní ìgbà kejì, ó ti lọ sí Àbújá. Ní ìgbà kẹta, wọ́n ní ojú ewé kan kò ní òǹtẹ̀. Akọ̀wé wọn, ọmọlúàbí ènìyàn, ní: “Ẹ má bínú, sà. Ká ní fóònù la fi ń buwọ́ lùwé ni, ẹ ò bá ti wà nílé yín.”

Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n òfin ti gbà á láyè tipẹ́. Abala 93 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé níbi tí òfin bá ti béèrè ìbuwọ́lù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí, ti orí ẹ̀rọ tó. Abala 17 nínú òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, ní irú ìbuwọ́lù bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀ nínú káràkátà àti àdéhùn mìíràn, àti pé ẹni tó bá ń jiyàn pé kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ní ó ni ín ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ó yọ ìwé ìhágún, ìwé ẹ̀rí ìbí àti ikú, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àṣẹ ilé-ẹjọ́ àti díẹ̀ mìíràn sílẹ̀. Mo wo ibẹ̀ títí, n kò rí ìwé àdéhùn àjọ ìjọba láàárín wọn.

Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé. Àtàǹpàkò ló ń tẹ̀ sórí ìwé, kò sì sẹ́ni tó ní kò tó. Ohun tí à ń wá náà ni pé ẹni yìí ló fọwọ́ sí i, àti pé wọn kò yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí wọ́n ya fọ́tò ìbuwọ́lù ọ̀gá, kí wọ́n wá máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìwé. Ọmọdé lè ṣe èyí. Èyí tí mo ní lọ́kàn ni irú ìbuwọ́lù tó ń lo kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan lórí ẹ̀rọ, tí ó wà lọ́wọ́ ẹni náà nìkan, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yí iye owó kan ṣoṣo padà lẹ́yìn tó ti buwọ́ lù ú, ẹ̀rọ yóò tú wọn fó. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni pé ọ̀gá lè kó kọ́kọ́rọ́ náà fún akọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wọn ti ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì wọn lé e lọ́wọ́.

Ní ìgbà kẹrin, ọ̀gá jókòó, ó fi bírò buwọ́ lù ú. Akọ̀wé gba ìwé náà, ó yà á sínú ẹ̀rọ, ó sì fi ímeèlì ṣọwọ́ sí ẹ̀ka ìṣirò owó.