Kí àbúrò mi tó fọwọ́ síwèé panápaná

Àbúrò mi ọkùnrin ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pinnu o, iṣẹ́ panápaná ni mo fẹ́ ṣe." Àyà mi já, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn torí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, kì í lè rí ẹni tó wà nínú ìṣòro kó mójú kúrò. Ìdánwò nìkan ló wá ń bi mí, báwo lòun ṣe máa yege, kí lòun máa ṣe kára òun lè le. Mo ní kó fara balẹ̀ ná, kóun náà ní ìbéèrè tó máa bi wọ́n: tí nǹkan bá ṣe òun lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ta ló máa dúró ti òun?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìwọlé. Tibì kan ò dọ́gba pẹ̀lú tibòmíì ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ẹ̀ jọra. Ní ọ̀pọ̀ ibi, o gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, àwọn ibì kan ò sì ní gbà ẹ́ tọ́jọ́ orí ẹ bá ti lọ jù. Wọ́n á béèrè sàtífíkéètì girama, láísẹ́ǹsì ọkọ̀, wọ́n á wádìí bóyá o ní ẹjọ́ ọ̀daràn lọ́rùn, wọ́n á yẹ ìtọ̀ ẹ wò nítorí oògùn olóró. Dókítà á wo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, á wo ojú, á wo etí, torí nínú ilé téèéfín ti bò, etí lo máa fi wá ẹni tó ń ké. Tó o bá yege gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n ṣì máa ń wo ìṣesí ẹ fún bí ọdún kan kí wọ́n tó gbà ẹ́ wọlé tán.

Ìdánwò agbára ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù, wọ́n sì jàre. Èyí tí wọ́n ń pè ní CPAT, tí ọ̀pọ̀ ibùdó panápaná ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lò, iṣẹ́ 8 ló wà nínú ẹ̀, ìṣẹ́jú 10 àti sẹ́kọ́ǹdù 20 lo ní fún gbogbo ẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ dópin lo sì máa wọ ẹ̀wù tó wúwo tó kílò 22. Àtẹ̀gùn ẹlẹ́rọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún di bíi kílò 11 lé ẹ léjìká, wàá máa gùn ún fún ìṣẹ́jú 3, o ò sì gbọ́dọ̀ di nǹkan kan mú. Ibẹ̀ lo ti máa lọ wọ́ họ́ọ̀sì, wàá ru irinṣẹ́, wàá na àkàbà ró, wàá fi òòlù ńlá lu nǹkan bí ẹni ń já ilẹ̀kùn, wàá rákò nínú òkùnkùn, wàá wọ́ ère tó wúwo tó èèyàn, bíi kílò 75, wàá wá fi ọ̀pá gún àjà. Àbúrò mi dán ti àtẹ̀gùn yẹn wò, ó gbé àpò tí a kó ìwé kún kọ́rùn, èmi mú aago dání. Kó tó pé ìṣẹ́jú 2, ọwọ́ ẹ̀ ti ń wá ibi tó máa dì mú láìmọ̀, orúnkún ẹ̀ ń gbọ̀n.

Òfin irùngbọ̀n náà wà, èyí tó ń bí àwọn ọ̀dọ́ nínú. Máàsìkì tí wọ́n fi ń mí gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ojú gbágbágbá, irun tó bá wà láàárín awọ àti rọ́bà ẹ̀ ló máa ṣínà fún èéfín, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà náà á sì tètè tán. Mo mọ̀ pé ó nira fẹ́ni tẹ́sìn ẹ̀ ní kó dá irùngbọ̀n sí, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti dé kóòtù ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ní tèmi, mo fara mọ́ òfin yẹn.

Ti ààbò wá ńkọ́? Òfin òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé tí inú ilé bá ti le débi tó lè pa èèyàn, ó kéré tán èèyàn 2 ló gbọ́dọ̀ jọ wọlé, kí wọ́n máa rí ara wọn tàbí kí wọ́n máa gbóhùn ara wọn, kí èèyàn 2 míì sì dúró síta de ohun tó bá ṣẹlẹ̀, àfi tí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀ tí wọn ò lè dúró. Ní England àti Wales, òfin ọdún 2004 fún panápaná láṣẹ láti já ilẹ̀kùn wọlé onílé láìgbàṣẹ tíná bá ń jó, òfin ọdún 2018 sì wà fẹ́ni tó bá lu òṣìṣẹ́ pàjáwìrì, ọdún 2022 ni wọ́n sọ ẹ̀wọ̀n ọdún 1 tó wà nínú ẹ̀ di ọdún 2. Ó máa ń dùn mí pé ó di dandan kéèyàn ṣòfin nítorí pé wọ́n ń lu ẹni tó wá pa iná ilé wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni ti àrùn jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2022, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé iṣẹ́ panápaná sípò kìíní, ìyẹn ipò àwọn nǹkan tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ẹ̀rí tó tó wà fún jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ àti èyí tí wọ́n ń pè ní mesothelioma, tó máa ń mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ronú sí i, mesothelioma yẹn lè sùn sára èèyàn fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún kó tó jí. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò rántí iye iná tó pa mọ́, ṣé òun ni wọ́n máa ní kó wá sọ iná tó kó o ràn án? Ohun tó jẹ́ kí mo mọ rírì òfin táwọn ìjọba kan ṣe nìyẹn, tó ní tí panápaná bá ti lo iye ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀kan lára àwọn jẹjẹrẹ tí òfin náà kọ sílẹ̀ bá mú un, kí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ló fà á, ẹni tó bá jiyàn ni kó mú ẹ̀rí wá. California ti ní tiwọn láti ọdún 1982, Manitoba ní Kánádà ṣe é lọ́dún 2002. Irú ẹ̀ kan náà ni ti òfin ọdún 2003 ní Amẹ́ríkà, pé tí ọkàn bá daṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí rọpárọsẹ̀ kọ lu panápaná láàárín wákàtí 24 sígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó le, tó sì kú, kí wọ́n kà á sí pé iṣẹ́ ló pa á, káwọn ẹbí ẹ̀ lè rówó gbà. Ibi tí kò bá sírú òfin báyìí, ìwọ àti lọ́yà ẹ lẹ máa gbé ẹrù yẹn, nígbà tára ò yá.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra ìwé kan tó máa máa kọ nǹkan sí fún un. Mo ní gbogbo iná tó bá lọ pa, kó kọ ọjọ́ ẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó jó, bóyá rọ́bà ni àbí órùlé àtijọ́, ìgbà tó bọ́ máàsìkì àti iye ìgbà tó fọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, torí èérí tó lẹ̀ mọ́ aṣọ yẹn náà ń wọ ara. Ó lọ bi wọ́n níbi tó ti gba fọ́ọ̀mù bóyá wọ́n máa ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́, ẹni tó dá a lóhùn ní kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó padà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó béèrè ọ̀gá.