Ìlú wo ni kí ẹ yà sí ní Íńdíà bí àyè yín kò bá ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ?

Ẹni tó bá ti Kàbà tàbí Ìsánlú wọ mọ́tò, tó gba Lọ́kọ́ja dé pápákọ̀ òfuurufú Àbújá, tó wá fi òru jókòó nínú bàálù, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó fojú kan Íńdíà. Nítorí náà, bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá gbà yín láyè láti yà níbẹ̀, tàbí bí ẹ bá sin aláìsàn lọ sí ọsibítù tí ọjọ́ kan sì ṣí sílẹ̀, ẹ má fi òkìkí yan ìlú. Wákàtí tó wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ tó jẹ́ nínú ọ̀sẹ̀, àti oṣù tí ẹ bá níbẹ̀ ni kí ẹ fi yàn án. Taj Mahal, ibojì funfun tó wà ní ìlú Agra, gbayì lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ní wákàtí 12 péré, tó ní dandan òun gbọ́dọ̀ rí i, bàálù rẹ̀ lè lọ láìdúró dè é.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló ṣáájú. Ọmọ Nàìjíríà kò lè jáde sígboro láìní físà. Físà tí wọ́n ń fún ẹni tó ń kọjá lọ wà, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fún èèyàn, ẹ sì gbọ́dọ̀ lò ó láàárín ọjọ́ 15 tí wọ́n bá fi í lé yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá sáré gbà á ní oṣù kan ṣáájú ìrìn-àjò, á ti kú sí i lọ́wọ́ kó tó gbéra. Bí ẹ bá sì ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, físà di dandan kódà bí ẹ kò bá fẹ́ rí ìlú rárá, torí ẹ ní láti kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè kí ẹ tó lè gba ẹrù yín, kí ẹ tó tún un fi lé ọkọ̀ kejì lọ́wọ́.

Yẹ́lò káàdì náà ń kọ́? Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí Íńdíà ń béèrè abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Wọn kì í ka abẹ́rẹ́ náà sí àfi tó bá ti pé ọjọ́ 10 tí ẹ gbà á. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá pójú òṣùwọ̀n, wọ́n lè dá a dúró sí àhámọ́ ìlera fún ọjọ́ mẹ́fà, ìgbádùn ọjọ́ méjì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má fi káàdì yìí sínú àpótí tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ o. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú ibi tí ẹ ó ti rí àpótí yín.

Ó wá kan ìṣirò. Ká ní wákàtí 12 ni bàálù méjèèjì fi jìnnà síra. Ẹ yọ wákàtí kan àbọ̀ fún títò lórí ìlà ìwé ìrìnnà. Ẹ yọ mẹ́ta fún pípadà sí pápákọ̀ lásìkò. Ẹ yọ wákàtí kan fún lílọ, ẹ yọ ọ̀kan fún bíbọ̀. Ó ku márùn-ún àbọ̀, inú rẹ̀ lẹ ó ti jẹun. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ṣáájú tiwa. Àbọ̀ yẹn ló máa ń da orí àwọn èèyàn rú, ẹ tún aago yín ṣe kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ohun kan tún wà: bàálù tó bá ń lọ ní aago kan òru ọjọ́ kẹrìnlá, alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá lẹ ó ti wà ní pápákọ̀. Ọ̀pọ̀ ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì fún òru tí wọn kò sùn torí èyí.

Fún wákàtí 10 sí 24, Delhi ni mo fara mọ́, ojú irin wọn sì ni ìdí. Reluwé Airport Express ń gbéra lẹ́gbẹ̀ẹ́ Terminal 3 pápákọ̀ wọn gan-an, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló sì fi ń dé ibùdó New Delhi, gosíló kò kàn án. Níbẹ̀ ẹ ó bọ́ sínú reluwé Yellow Line, ibùdó kejì ni Chandni Chowk, ọjà àtijọ́ ìlú náà. Ní ẹnu gbogbo ibùdó ni wọ́n ti ń yẹ báàgì wò, wọ́n á sì yẹ ara wò, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, obìnrin nìkan ló ń wọ àgọ́ tó ṣáájú nínú reluwé yìí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nílẹ̀ kí ẹ tò síbẹ̀. Nígbà tí èrò bá pọ̀, àgọ́ yẹn dára púpọ̀.

Láti Chandni Chowk, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Red Fort tí ọba Shah Jahan kọ́ parí ní 1648, kí ẹ sì ti ibẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí ńlá Jama Masjid. Ṣùgbọ́n Red Fort kì í ṣí ní Ọjọ́ Ajé. Ilé ìjọsìn Lotus Temple àti Akshardham náà, títì ni wọ́n ń wà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá balẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, kó forí lé Qutb Minar, ilé gogoro olókùúta pupa tó ga tó mítà 73, tàbí ibojì ọba Humayun, èyí tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Taj Mahal. Méjèèjì ń ṣí lójoojúmọ́. 600 rúpì, owó Íńdíà, ni àlejò òkèèrè ń san ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àbùkù Delhi ni ìgbà òtútù. Láti ìparí oṣù kẹwàá, àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Punjab àti Haryana a máa dáná sun pòròpórò ìrẹsì wọn. Èéfín yẹn, pẹ̀lú ti mọ́tò, kì í rí atẹ́gùn tí yóò gbé e lọ. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ yà síbẹ̀ nígbà yẹn. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, kùrukùru a tún bo gbogbo ilẹ̀ láàárọ̀. Ẹ má fi wé ọyẹ́ tiwa, torí ọyẹ́ gbẹ, èyí tutù rinrin, ojú kì í ríran jìnnà, bàálù àti reluwé á sì máa pẹ́. Láwọn oṣù wọ̀nyí, Mumbai ni kí ẹ mú, tàbí Chennai bó bá ti di oṣù kìíní.

Agra tí Taj Mahal wà jìnnà sí Delhi ju igba kìlómítà lọ. Òru méjì ni kí ẹ ní kí ẹ tó dán an wò. Reluwé Gatimaan Express ń kúrò ní ibùdó Hazrat Nizamuddin ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, ó ń dé Agra ní bíi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, ó sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Kì í rìn ní Ọjọ́ Jímọ̀, torí Taj Mahal fúnra rẹ̀ kì í gba àlejò lọ́jọ́ Jímọ̀. 1,100 rúpì ni owó ẹnu ọ̀nà, ẹ ó fi 200 kún un bí ẹ bá fẹ́ wọ inú ibojì náà. Ẹ fi 200 yẹn kún un, ẹ jọ̀ọ́. Láti òkèèrè, funfun nìkan ni ilé náà. Bí ẹ bá súnmọ́ ògiri rẹ̀ lẹ ó rí i pé wọ́n gbẹ́ òkúta funfun yẹn ní ojú òdòdó, wọ́n sì fi òkúta aláràbarà wẹ́wẹ́ dí i, débi pé bí ẹ bá fọwọ́ rá a, ẹ kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Òkúta pupa inú rẹ̀ jọ ìlẹ̀kẹ̀ làńtànà Ìlọrin. Bí ẹni tó ń mú yín káàkiri bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, á pọ́n bí ẹyín iná. Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1632, ọdún kan lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ Mumtaz Mahal kú. Ẹ dé ibẹ̀ ní ìdájí bó bá ṣeé ṣe, kí òòrùn àti èrò tó gba ibẹ̀ kan. Ẹ má gbé oúnjẹ tàbí báàgì ńlá dání, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e wọlé.

Mumbai dára fún ẹni tó fẹ́ òkun àti ilé àtijọ́: ẹnubodè ńlá Gateway of India tí wọ́n parí ní 1924, ibùdó reluwé Chhatrapati Shivaji tí wọ́n parí ní 1888, àti ọ̀nà etí òkun Marine Drive ní ìrọ̀lẹ́. Gosíló ni ọ̀tá ibẹ̀. Pápákọ̀ wà ní àríwá, ohun tí ẹ fẹ́ wò wà ní gúúsù, mọ́tò sì lè jẹ wákàtí méjì láàárín wọn. Ihò àpáta Elephanta ń fẹ́ bíi wákàtí kan lórí ọkọ̀ ojú omi ní àlọ nìkan, ó sì ń wà ní títì ní Ọjọ́ Ajé. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, òjò níbẹ̀ kì í ṣe òjò eré, ẹ fi ìlú náà sílẹ̀.

Àwọn tó sin aláìsàn lọ sí Chennai, ọ̀rọ̀ yín rọrùn. Ẹ gba mọ́tò lọ sí Mamallapuram, kò tó ọgọ́ta kìlómítà sí gúúsù, ẹ sì lè padà kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹni tó dàgbà sábẹ́ àpáta Ògìdì yóò dúró wo ibẹ̀ pẹ́: ilé òrìṣà márùn-ún wà tí wọ́n gbẹ́ láti ara àpáta, láti òkè wá sísàlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1,300 sẹ́yìn. Wọn kò to òkúta lé òkúta. Òjò Chennai máa ń wá láti oṣù kẹwàá dé oṣù kejìlá.

Bengaluru kò yẹ fún ọjọ́ kan, pápákọ̀ rẹ̀ jìnnà sígboro. Kochi dùn, àmọ́ Fort Kochi tí èèyàn ń wá lọ jìnnà sí pápákọ̀ náà, ó fẹ́ òru kan ó kéré tán.

Dọ́là ni kí ẹ mú dání, kí ẹ ṣẹ́ díẹ̀ ní pápákọ̀, ìyókù nígboro. Bí ẹ bá gba takisí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ní káńtà, wọ́n á fún yín ní ìwé pélébé kan. Ẹ má fi í lé awakọ̀ lọ́wọ́ títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ń lọ, torí ìwé yẹn ni òun fi ń gba owó rẹ̀. Bó bá ní òtẹ́ẹ̀lì yín ti jóná tàbí pé wọ́n ti tì í, ẹ ní kó gbé yín débẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kún ìlú wọn bí ó ṣe kún tiwa. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì kọ̀ bó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ yà wo ṣọ́ọ̀bù kan, torí ó ní ohun tí onítajà ń fún un lórí orí kọ̀ọ̀kan.

Ní ìpadàbọ̀, ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ oníbọn ló wà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ wọn, kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé láìrí tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìrìnnà, orúkọ inú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Fóònù tí iná rẹ̀ kú lẹ́nu ọ̀nà yẹn ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dúró síta títí bàálù wọn fi gbéra.